Ọdún Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Ka Ọjọ́ Ayé Irin

Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe, ìyá tó bí mi lọ́mọ kò mọ orúkọ rẹ̀ títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Bí wọ́n bá bi í ní Zongo, àdúgbò wa ní Niamey, pé, "Kí ni Ràmátù yín ń ṣe lọ́ọ́fíìsì gan-an?" á ní, "Ó ń ka ọjọ́ tó kù fún irin láyé." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé nínú gbogbo ẹni tó ti gbìyànjú láti ṣàlàyé iṣẹ́ yìí, títí kan àwọn olùkọ́ mi ní yunifásítì, ìyá mi ló sọ ọ́ tó yéni jù.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. N kò ní kí gbogbo yín wá ṣe irú rẹ̀ o. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ mú wáyà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣe nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ṣì ń wò yín. Nígbà tó bá di ìgbà ogún tàbí ọgbọ̀n, á kàn ṣẹ́ sí yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ kò fi kún agbára tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Irin ńlá náà, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ̀rọ, èyí tó so táyà ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀, ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wúwo, gbogbo wọn ni à ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn lójoojúmọ́. Níbì kan tí ojú kò tó, irin á sán díẹ̀, kò ní fẹ̀ ju irun orí lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ìyípo tí ẹ̀rọ bá yí ni yóò máa fa ojú sísán náà gùn. Bó ṣe ń gùn ni yóò máa yára sí i, títí irin á fi já lójijì. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tiwa ni ká wo ògiri tó ti lanu, ká fi ìṣirò inú kọ̀ǹpútà mọ bí ẹnu náà yóò ṣe máa là sí i, ká sì sọ ọjọ́ tí ilé kò ní ṣeé gbé mọ́ kí ọjọ́ náà tó pé.

Zongo, lẹ́yìn Grand Marché, ọjà ńlá ìlú náà, ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá sí Niamey, aṣọ ló ń tà. Yorùbá là ń sọ nínú ilé, Hausa ní ṣọ́ọ̀bù, Zarma lójú títì, Faransé ní ilé ìwé. Bí mo bá lá àlá, n kò mọ èyí tí mo fi ń lá a. Ìṣirò ló wù mí. Nígbà tí mo yege ìdánwò àṣejáde, tí wọ́n sì ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lókè òkun, bàbá mi pè mí jókòó sáàárín àwọn aṣọ.

"Ràmátù, ta ni yóò máa bá mi jókòó sọ́jà?"

"Bàbá, àbúrò mi mọ aṣọ tà jù mí lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀." Ó ń ká aṣọ kan, kò wo ojú mi. "Ṣùgbọ́n irin. Kí ni ọmọbìnrin fẹ́ bá irin ṣe?"

"Ìṣirò ni màá máa ṣe, Bàbá. Èmi kọ́ ni màá máa fọwọ́ kan irin."

Ó ká aṣọ náà tán. "Bó bá jẹ́ ìṣirò ni, kò burú. Ẹni tó mọ ìṣirò, wọn ò lè rẹ́ ẹ jẹ."

Irọ́ ni mo pa fún bàbá mi láìmọ̀, nítorí irin gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn: mo padà dé, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Ilé iṣẹ́ ìṣirò kékeré kan ni, ní àdúgbò Plateau, níbi tí àwọn tó ní ẹ̀rọ ńláńlá máa ń gbé ìṣòro wọn wá. Èèyàn mẹ́fà péré ni wá. Kọ̀ǹpútà wà nínú ilé, ibi tí wọ́n ti ń gé irin wà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀gá mi ni Mesié Hàmídù, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, ọmọ Zarma, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, tí a sì ń bẹ̀rù ju ẹni tó ń pariwo lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ bàtà gogoro, mo mú ìwé ẹ̀rí mi dání. Mo rò pé iwájú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa mú mi lọ. Mesié Hàmídù ka ìwé ẹ̀rí náà dáadáa, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ẹ̀yìnkùlé ló mú mi lọ. Ó gbé irin pẹlẹbẹ kan fún mi, pẹ̀lú ayùn irin àti fáìlì.

"Gé e bí mo ṣe yà á sínú ìwé yìí. Lẹ́yìn náà kí o máa fá a títí wàá fi rí ojú ara rẹ nínú rẹ̀."

"Mesié, ìṣirò ni mo kọ́."

"Mo ti rí i nínú ìwé rẹ," ó ní. "Irin yìí kò tíì rí ìwé rẹ."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi wà lẹ́yìnkùlé. Màá gé irin, màá fá a, màá fi ayùn tínínrín ya ojú kan sí i létí, màá wá dè é mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń tẹ̀ ẹ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà ń ka iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, màá dá a dúró, màá fi gíláàsì amúǹkan-tóbi wo ibi tí ojú sísán dé, màá sì fi pẹ́ńsù sàmì sí i lórí ìwé onílà. Bàtà gogoro wọgbó, mo ra sálúbàtà. Ọwọ́ mi le. Bí mo bá délé, ìyá mi á fi òrí pa á fún mi, á ní, "Ìṣirò yìí mà le o."

Bí mo bá kọ iye sílẹ̀ láì kọ ohun tí iye náà jẹ́, Mesié Hàmídù á fa ìwé náà ya. "Mẹ́fà kí ni? Mẹ́fà ewúrẹ́?" Títí dòní, bí wọ́n bá ní kí n ra nǹkan mẹ́fà lọ́jà, mo máa ń béèrè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀rẹ́ mi ń ṣègbéyàwó. Ó ku àmì márùn-ún kí iṣẹ́ mi parí. Mo wo àwọn àmì tó ti wà nílẹ̀, mo wo ibi tí wọ́n forí lé, mo fi ojú inú sàmì sí márùn-ún tó kù, mo bá tèmi lọ. Ní ọjọ́ Ajé, Mesié Hàmídù gbé ìwé náà sókè.

"Irin yìí gbọ́ràn o. Wò ó bó ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé ìwé. Gbogbo àmì tó kù ń rìn ségesège. Àwọn márùn-ún ìkẹyìn yìí nìkan ló tọ́. Níbo lo wà lọ́sàn-án Jímọ̀?"

"Mo lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi, Mesié. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé ìyàwó rẹwà?"

"Ó rẹwà."

"Ó dáa. Mú irin mìíràn."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́wàá ló gbà mí. Kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà sí mi mọ́ láyé, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Nígbà tí mo fi máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ti mọ ohun tí àwọn nọ́ḿbà inú rẹ̀ ń sọ, nítorí mo ti fi ọwọ́ mi rí i.

Kọ̀ǹpútà ìgbà náà ga bí àpótí aṣọ, ọpọlọ rẹ̀ kò tó ti fóònù tó wà lápò yín. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó ya àwòrán irin náà, a ó wá pín in sí igun mẹ́ta kéékèèké, bí àwọ̀n tí wọ́n ta bo ara irin. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú sísán, àwọ̀n náà gbọ́dọ̀ kéré púpọ̀, nítorí ibẹ̀ ni agbára ń kó ara rẹ̀ jọ sí. Kọ̀ǹpútà á ṣírò agbára tó wà nínú igun kọ̀ọ̀kan, a ó wá mọ bí ojú sísán yóò ṣe gùn tó. Bó bá ti gùn díẹ̀, àwọ̀n àtijọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. A ó tún òmíràn ta. Ìgbésẹ̀ kan péré, ọjọ́ kan gbáko. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo ìlú, ẹ̀rọ náà á máa kọṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi ló fún wa ní ọ̀pá mẹ́ta aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ya ẹyẹ sí. A fi bo kọ̀ǹpútà. Àwọn oníbàárà tó wá láti iléeṣẹ́ ìjọba á máa wò ó pé irú ìgbéyàwó wo ni wọ́n ń ṣe níbí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mí.

Mo ti lo ọdún mẹ́fà nígbà náà. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì kan wà lódìkejì odò Ọya, lẹ́yìn àdúgbò Kirkissoye, tí wọ́n para pọ̀ ń lo pọ́ǹpù ńlá kan láti fa omi odò sóko. Iná mànàmáná ló ń yí i. Nígbà tí wọ́n ń tún pọ́ǹpù náà ṣe, wọ́n fi omi pupa kun ọ̀pá rẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n wá bu ẹfun lé e. Bí a ṣe ń wá ojú sísán nìyẹn: ibi tó bá sán á tú omi pupa náà jáde bí ẹ̀jẹ̀. Ìlà pupa kan yọ lára ọ̀pá náà, ní ibi tó ti tóbi tó sì wá tínínrín lójijì. Òkè òkun ni ọ̀pá tuntun ti máa wá, yóò sì ju oṣù méjì lọ. Ìrẹsì ṣì ń fẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ méje. Ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọ̀pá yìí á gbé wa dé ìkórè?

Èmi ni wọ́n gbé e fún. Mo ta àwọ̀n, mo ṣírò, mo tún ta òmíràn. Mo mọ bí pọ́ǹpù ṣe ń yí tó láàárín ìṣẹ́jú kan, mo mọ wákàtí tó ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Ìdáhùn tí mo rí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mesié Hàmídù ka ìwé náà lójú ìwé lójú ìwé.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Mesié."

Mo fọwọ́ sí i. Òun náà fọwọ́ sí i lábẹ́ tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀pá náà já sí méjì.

Nígbà tí mo débẹ̀, oòrùn ti mú. Ìrẹsì ṣì tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n omi ti ń gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ dúró létí odò, ọkùnrin àti obìnrin. Ìyá àgbàlagbà kan sún mọ́ mi.

"Ṣé ìwọ lo sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá?"

"Èmi ni, Màmá."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó gbé korobá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Ó dáa. Odò nìyẹn."

Mo ká aṣọ mi sókè. A tò láti etí odò títí dé ojú gọ́tà àkọ́kọ́, à ń gbé korobá láti ọwọ́ sí ọwọ́, títí oòrùn fi yẹ̀. N kò lè sọ fún yín pé omi náà tó nǹkan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí nọ́ḿbà kankan tó tíì wúwo tó korobá yẹn lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a sinmi, mo lọ wo ọ̀pá tó já. Ojú ibi tó ti já ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé ara wọn, bí èyí tí omi máa ń fi sílẹ̀ sórí iyanrìn nígbà tí odò bá ń fà. Ẹni bá mọ̀ ọ́n kà á rí ìtàn ayé irin náà níbẹ̀. Àwọn ìlà kan súnmọ́ra bí mo ṣe rò. Ṣùgbọ́n láàárín wọn, àwọn mìíràn wà tó fò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, bí ẹni pé irin náà ń fo ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Séyíní, àgbàlagbà tó ń tọ́jú pọ́ǹpù náà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá, kí ló máa ń ṣe pọ́ǹpù yìí tó fi ń jìyà báyìí?"

"Iná ni," ó ní. "Iná á lọ, pọ́ǹpù á dúró. Iná á dé, èmi á tún tàn án. Bó bá ń gbéra, gbogbo ilé á mì tìtì."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?"

"Nígbà ooru yìí? Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, ogún. Ọjọ́ mìíràn n kò tilẹ̀ kà á."

Ìgbà tí pọ́ǹpù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ni ọ̀pá rẹ̀ ń jìyà jù, ìlọ́po-ìlọ́po èyí tó ń jẹ nígbà tó bá ń yí jẹ́jẹ́. Nínú ìṣirò tèmi, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni mo ní kó máa gbéra, ní àárọ̀, bí ìwé tí wọ́n kọ nípa pọ́ǹpù náà ṣe wí.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí," ó ní. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó kàn sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo padà sí Plateau, mo kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, mo gbé e síwájú ọ̀gá mi. Mesié Hàmídù kò ṣí i.

"Mo fọwọ́ sí èyí tó kọ́kọ́ wá," ó ní. "Ṣé o fẹ́ kí n fọwọ́ sí òmíràn láìkà á?" Ó tì í padà sọ́dọ̀ mi. "Ìrẹsì ń gbẹ. Jókòó."

Ọjọ́ márùn-ún la fi ṣe é. Oníṣẹ́ irin wa lẹ́yìnkùlé wá irin líle kan láti ara ọkọ̀ akẹ́rù tó ti kú, ó ní òun lè fi ẹ̀rọ gbẹ́ ọ̀pá pọ́ǹpù láti ara rẹ̀. Èmi tún ta àwọ̀n, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú gbogbo ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Ibi tí ọ̀pá ti tínínrín lójijì, mo ní kí ó gbẹ́ ẹ kó rọra yí wọlé, kó má ṣe ní igun, nítorí igun ni ojú sísán fẹ́ràn. Bàbá Séyíní gba iṣẹ́ tirẹ̀: ìgbà yòówù tó bá tan pọ́ǹpù, yóò sọ òkúta kan sínú agolo. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ ka òkúta, tí a sì ń tú ọ̀pá náà wò pẹ̀lú omi pupa àti ẹfun. N kò tún sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ báyìí ló máa lò. Ohun tí mo ń sọ ni pé, "Ó mọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìrẹsì tó wà lọ́nà jíjìn sódò kú. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn. Àwọn ilé bíi mẹ́jọ ni kò kórè nǹkan kan lọ́dún náà, àwọn tó kù sì bù fún wọn nínú tiwọn. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù gbó, wọ́n kó o wọlé, ọ̀pá tí a gbẹ́ náà sì ń yí lọ ní tirẹ̀ nígbà tí èyí tó ti òkè òkun wá fi gúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò ṣe ìṣirò kankan láì kọ́kọ́ wá ẹni tó ń sùn tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, kí n jókòó tì í, kí n bi í. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹni tó ń bá aláǹgbá gbé lè mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Kọ̀ǹpútà kéré, ọpọlọ rẹ̀ pọ̀. Àwọ̀n tí mo ń fi ọjọ́ kan ta, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú kan ta á. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọgbọ́n kan dá tí ojú sísán fi ń gba àárín àwọ̀n kọjá láì jẹ́ pé a tún òmíràn ta. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí èyí, mo wo ojú sísán tó ń rìn lọ lójú kọ̀ǹpútà, tó ń yà bó ṣe wù ú, mo rántí gbogbo ọdún tí mo fi ta àwọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Tíì tí mo bù kò tíì tutù tí iṣẹ́ oṣù kan fi parí.

Àwọ̀ náà dé sójú kọ̀ǹpútà: pupa níbi tí irin ti ń jìyà, búlúù níbi tí ara ti tù ú. Àwọn ọ̀gá ńlá fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi àwòrán aláwọ̀ hàn wọ́n, wọ́n á gbà pé òótọ́ ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìkìlọ̀ tí mo ní fún yín lórí ẹ̀rọ òde òní kò ju èyí lọ: bí ohun tí ẹ kó sínú rẹ̀ bá jẹ́ irọ́, irọ́ aláwọ̀ mèremère ni yóò dá padà fún yín. Nígbà tí Mesié Hàmídù fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fi mí jọ̀gá, gbogbo ẹni tó wọlé tìwé ẹ̀rí tìwé ẹ̀rí, ẹ̀yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ mú wọn lọ. Wọ́n ráhùn. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé ojú mi le ju irin lọ. Òun ló jókòó sórí àga mi báyìí, mo sì gbọ́ pé òun náà ti ra fáìlì tuntun.

Mo fẹ́ olùkọ́ kan, a bí ọmọ mẹ́ta. Àbíkẹ́yìn wa ni Aṣíátù. Niamey ló mọ̀, Yorùbá rẹ̀ kò nípọn; bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á fi Faransé kan, Zarma kan, Yorùbá kan dá mi lóhùn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Olùkọ́ ni òun náà. Lọ́dún tí mo máa fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé kan ní Maradi, ìlú tó jìnnà sí Niamey.

Ní oṣù yẹn gan-an ni iṣẹ́ ìkẹyìn mi dé. Alhaji Ràájí ló gbé e wá, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta tó ń kó èrò láàárín Niamey àti Maradi. Irin gígùn tó gbé gbogbo ara bọ́ọ̀sì ró, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ṣaasí, ti sán lára ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tó ń jó irin ti gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n ti fi tuntun sí i, wọ́n jó o pọ̀. Alhaji fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo bá awakọ̀ rẹ̀ jókòó ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ kan: kòtò mélòó ló wà lójú ọ̀nà, èrò mélòó, ẹrù mélòó lórí, ẹrù tí wọ́n kọ sílẹ̀ àti èyí tí wọn kò kọ. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo béèrè ìkẹyìn yìí, ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́ fún mi. A wo ojú jíjó náà, a ṣírò. Mo pe Alhaji.

"Alhaji, bí ó bá tilẹ̀ ní ojú sísán kan tí a kò rí níbẹ̀ lónìí, yóò rìnrìn àjò tó ju ọgọ́ta lọ kó tó di ewu. Nítorí náà, lẹ́yìn ìrìn àjò ogún-ogún, ẹ gbé e wá ká wò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di mọ́kànlélógún."

Ó ń yí ìwé náà lọ́wọ́. "Màmá, ẹ má bínú. Ọmọ ènìyàn ni mo ń kó. Ṣé ẹ lè gbé ọmọ tiyín sínú rẹ̀?"

Mo ti fọwọ́ sí ìwé láìmọye ìgbà, ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọjọ́ wo ló tún máa rìn?" mo ní.

"Ọjọ́bọ̀."

"Aṣíátù ọmọ mi ń lọ sí Maradi lọ́jọ́bọ̀. Ẹ fi àyè méjì pamọ́ fún wa. Èmi náà ń sìn ín lọ."

Alhaji wò mí, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Ní ìdájí ọjọ́bọ̀, a wọ bọ́ọ̀sì náà. Èrò kún, ẹrù ga lórí, ewúrẹ́ méjì wà lókè tí ń ké. Aṣíátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí a kúrò ní Niamey, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kòtò. Mo ń tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ mọ́tò bí ìyá tó ń gbọ́ èémí ọmọ. Aṣíátù di ọwọ́ mi mú.

"Màmá, ẹ ti ṣe ìṣirò yín, àbí?"

"Mo ti ṣe é."

"Ẹ ti béèrè lọ́wọ́ awakọ̀?"

"Mo ti béèrè."

"Donc, nígbà náà, ẹ sinmi."

Mo ka kòtò dé ìlú Dosso, bí mo ṣe ka èyí tó tẹ̀ lé e n kò mọ̀. Oòrùn ń bọ̀ lójú fèrèsé, àwọn ewúrẹ́ ti dákẹ́, mo gbé orí lé èjìká ọmọ mi. Maradi ni Aṣíátù ti jí mi.